Ọ̀bẹ Àpò àti Àmì tí Ó Wà Lára Rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná, kì í sì í ṣe àdá. Ọ̀bẹ kékeré tí ń ká sínú èèkù rẹ̀ ni, èyí tí a ń pè ní ọ̀bẹ àpò. Ọ̀bẹ tiwa, inú àkọ̀ ni ó ń gbé. Bí kò bá sí àkọ̀, yóò ya aṣọ, yóò sì gé itan ẹni tí ó gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àpò, èèkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí? Bàbá àgbà kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ọ̀bẹ àpò mẹ́ta wá sí kíláàsì. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ní: «Olùkọ́, ẹ bá mi kà wọ́n.» Mo rò pé kí n ka iye wọn ni ó ń wí. Ó ní rárá, iye wọn yé òun. Ohun tí a kọ sí wọn lára ni kí n kà.

Mo mú wọn sún mọ́ àtùpà. Àwòrán ọwọ́ wà lára irin ti àkọ́kọ́, adé sì wà lórí ọwọ́ náà. Èkejì ní àwòrán ohun kan tí ó dà bí egúngún lára èèkù rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kòkòrò oyin kékeré kan ní ẹ̀yìn. Bàbá ní òun fẹ́ kó irú wọn jọ sí i, kí àwọn ọmọ ọmọ òun lè rí wọn. Ó wá bi mí ní ìbéèrè méjì: «Èwo ni kí n wá kún un? Ta sì ni àwọn tí ó rọ wọ́n?»

Ìbéèrè kejì ni a ó kọ́kọ́ dáhùn. Bí a bá dáhùn rẹ̀, ti àkọ́kọ́ kò ní le mọ́.

Ọ̀bẹ tí ń ká kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní Hallstatt, ní ilẹ̀ Ọ́síríà, wọ́n wa ọ̀kan jáde nínú ilẹ̀ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun. Ó ti wà láti nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀bẹ àpò tí ó gbajúmọ̀ lónìí, ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú kéékèèké ni wọ́n ti jáde, láàárín 200 ọdún sí àsìkò yìí. Àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n rọ wọ́n fún. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ra ọ̀bẹ kò mọ ìwé. Nítorí náà alágbẹ̀dẹ a máa lu àwòrán sára irin rẹ̀: ọwọ́, ọkàn, ẹranko, ìràwọ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé ọ̀bẹ lágbájá nìyí. Àmì ni lẹ́tà wọn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀bẹ tí ó ní ọwọ́ àti adé. Opinel ni orúkọ rẹ̀. Ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, àwọn òkè gíga wà tí yìnyín ń bò. Savoie ni à ń pe ilẹ̀ náà. Ní abúlé kan tí ń jẹ́ Gévoudaz, nítòsí ìlú Saint-Jean-de-Maurienne, alágbẹ̀dẹ kan wà tí ń jẹ́ Daniel Opinel. Àáké àti dòjé ni ó ń rọ fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún 1890, Joseph ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, rọ ọ̀bẹ àpò kan.

Ẹ wo bí ó ti ṣe é. Ó mú igi kan, ó gbẹ́ ẹ kí ó bá ọwọ́ mu. Ó la ojú tín-ín-rín sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti irin ọ̀bẹ bọ inú ojú náà, ó fi ìṣó kan dè é. Ó fi òrùka irin yí ọrùn igi náà ká, kí ó má baà là. Ó tán. Igi náà ni ó ń fún irin mọ́ra tí kì í fi í ṣí fúnra rẹ̀. Olówó kékeré lè rà á, bí ó bá sì bàjẹ́, ojú lásán ni a fi ń mọ ohun tí ó ṣe é.

Nígbà tí ó fi máa di 1897, ìwọ̀n 12 ni Joseph ń ṣe, láti nọ́ńbà 1 dé nọ́ńbà 12. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nọ́ńbà kà, ẹ ó gbádùn èyí: nọ́ńbà ọ̀bẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígùn irin rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Nọ́ńbà 10 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Nọ́ńbà 12 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Nọ́ńbà 8, tí àwọn ènìyàn ń rà jù, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀. Wọn kò ṣe nọ́ńbà 1 àti nọ́ńbà 11 mọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ arúgbó kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọ ọ́ nù.

Ọdún 1909 ni Joseph mú àmì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, tí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀, ìka mẹ́ta ni ó nà sókè. Ìlú Saint-Jean-de-Maurienne ni ó ni ọwọ́ náà. Wọ́n gbàgbọ́ níbẹ̀ pé ìka Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà nínú ilé ìjọsìn àwọn láti ìgbà láéláé, ìka mẹ́ta náà sì ni ó wà lára àmì ìlú wọn. Adé náà jẹ́ ti àwọn ọba Savoie àtijọ́. Ẹ rí i pé àwòrán kékeré yìí sọ ìlú, ó sọ ilẹ̀, ó sì sọ olówó rẹ̀.

Ní 1955, Marcel ọmọ Joseph fi òrùka mìíràn kún un, èyí tí ń yí. Bí a bá ṣí ọ̀bẹ tí a sì yí òrùka náà, irin kò lè ká lu ọwọ́ mọ́. Nítorí náà, Opinel tí kò ní òrùka tí ń yí lè ti pé ju 1955 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn tí ó kéré gan-an kò ní òrùka náà títí di òní.

Àléébù kan wà lára rẹ̀. Bí omi bá wọ igi rẹ̀, igi á wú, ọ̀bẹ kò sì ní fẹ́ ṣí. Àwọn ará Savoie kì í fi eyín fà á. Wọ́n a máa gbá ìdí èèkù mọ́ tábìlì tàbí òkúta, irin á sì yọrí díẹ̀, ìka á wá rí i mú. Bàbá gbìyànjú rẹ̀ lójú wa. Ó ṣí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ dé orí ọ̀bẹ tí ó ní oyin lẹ́yìn. Ibí yìí ni ẹjọ́ wà.

Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga kan wà tí ń jẹ́ Aubrac. Ilẹ̀ màlúù ni. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ báyìí: Laguiole. Ẹ kà á wò. Ẹ ó fẹ́ pe gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é ní Layọ́ọ̀lù. Ọ̀bẹ tí àwọn darandaran ibẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ kì í ká. Ní 1829, Pierre-Jean Calmels, alágbẹ̀dẹ ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ tí ń ká fún wọn. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, èèkù rẹ̀ máa ń jẹ́ ìwo màlúù, irin kan sì wà ní ẹ̀yìn èèkù tí ń tẹ̀ tí ó sì ń padà sí ipò. Irin ẹ̀yìn yìí ni ó ń di ojú ọ̀bẹ mú. Bí ẹ bá pa ọ̀bẹ náà dé, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀: kọ́!

Ní nǹkan bí 1840 wọ́n fi irin ṣóńṣó kún un, èyí tí a fi ń lu awọ. Wọ́n ní darandaran a tún máa fi í gún ikùn màlúù tí ó wú, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ̀yin onímàlúù, ẹ má ṣe gbìyànjú èyí nílé o, ẹ pe dókítà ẹran. Ní nǹkan bí 1880, wọ́n fi irin lílọ́ tí a fi ń ṣí ìgò ọtí wáìnì kún un. Kí ló fà á? Oko kò mówó wọlé tó mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Aubrac ń lọ sí Paris, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí. Ọ̀bẹ darandaran tẹ̀lé wọn lọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ tuntun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ti yí padà, kí ó ka irin tí ó wà nínú ọ̀bẹ wọn.

Àwọn kan ń sọ pé Napoleon Kìíní ni ó fún àwọn ará Laguiole ní oyin náà. Ẹ jẹ́ kí á fi ọdún wò ó. Napoleon kú ní 1821. Calmels bẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ rẹ̀ ní 1829. Báwo ni òkú yóò ṣe ta ọ̀bẹ tí a kò tíì rọ lọ́rẹ?

Nígbà tí ó yá, àgbẹ̀dẹ Laguiole ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kó lọ sí ìlú mìíràn, Thiers, níbi tí alágbẹ̀dẹ pọ̀ sí jù. Orúkọ Laguiole ṣì wà lára ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ ní Laguiole mọ́ àfi díẹ̀. Ní 1987 ni àwọn ọmọ ìlú tún ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti fi orúkọ náà pamọ́ lábẹ́ òfin fún ìlú. Orúkọ ìlú ni, wọ́n rò pé ta ni yóò gbà á? Ní 1993, oníṣòwò kan tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà lọ sí ọ́fíìsì, ó fi orúkọ Laguiole sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà tirẹ̀, fún oríṣiríṣi ọjà. Láti ìgbà náà, a ń rí Laguiole tí a ṣe ní òkè òkun, tí kò mọ Aubrac rí. Ìlú gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n pàdánù, wọ́n tún padà lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, inú bí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yọ pátákó tí a kọ orúkọ ìlú sí ní ẹnu ọ̀nà. Ìlú kan wà láìní orúkọ! Ọdún 2019 ni kóòtù ní Paris tó dá wọn láre, tí ó fagi lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì ọjà oníṣòwò náà. Láti 1993 dé 2019, ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 26.

Ẹ rántí Joseph Opinel. Òun náà ọmọ abúlé ni. Ọjọ́ kan ni ó fi lọ sí ọ́fíìsì ní 1909.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra Laguiole, ẹ má ṣe wo oyin, ẹ má sì ṣe wo orúkọ Laguiole nìkan. Ẹnikẹ́ni lè ya oyin. Ẹ wá orúkọ kejì, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́. Alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú kì í fi orúkọ pamọ́.

A ti dárúkọ Thiers. Ẹ jẹ́ kí á dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀bẹ egúngún ti wá. Odò kan wà ní Thiers tí ń jẹ́ Durolle. Agbára omi rẹ̀ ni ó ń yí ọlọ tí wọ́n fi ń pọ́n irin láyé àtijọ́. Ẹni tí ń pọ́n ọ̀bẹ kì í jókòó. Yóò dojú bolẹ̀ lórí pákó, ọlọ yóò máa yí níwájú rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì tẹ irin mọ́ ọn. Òtútù omi pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ajá rẹ̀ yóò gun ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sùn síbẹ̀, kí ara olówó rẹ̀ lè móoru. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ìlú yìí, wọ́n a máa lu àmì olúkúlùkù alágbẹ̀dẹ sára awo kan tí ìlú ń tọ́jú, kí ẹnìkan má baà jí àmì ẹnìkejì.

Ní 1929, ilé iṣẹ́ Cognet ní Thiers ṣe ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú kan láti tà ní àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì tí ó wà lábẹ́ Faransé. Èèkù rẹ̀ kì í ṣe igi, kì í ṣe ìwo. Páànù irin ni wọ́n ká. Wọ́n ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ń wá àwòrán tí yóò fi sí i. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí àwòrán Douk-Douk níbẹ̀. Kí ni Douk-Douk? Ní erékùṣù New Britain, ní ilẹ̀ Papua New Guinea, ẹgbẹ́ awo kan wà láàárín àwọn Tolai. Nígbà ọdún wọn, Douk-Douk á jáde nínú ewé, ìbòjú gígùn ṣóńṣó á wà lórí rẹ̀. Obìnrin àti ẹni tí kò bá ṣe awo kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé èyí fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀bẹ náà tà. Ó kúrò ní Pàsífíìkì, ó gba Àríwá Áfíríkà kan. Nígbà ogun Àlùjíríà, láti 1954 sí 1962, ọ̀bẹ àgbẹ̀ yìí di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn kan. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Thiers. Ó lágbára, ó fẹ́lẹ́ nínú àpò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó: nígbà tí ẹlòmíràn gba orúkọ Laguiole, gbogbo ilẹ̀ Faransé gbọ́ igbe wọn. Nígbà tí wọ́n gba egúngún àwọn Tolai lu ara páànù, ta ni ó béèrè lọ́wọ́ onílé?

Àwọn mẹ́ta tí Bàbá ní nìyẹn. Èwo ni kí ó wá kún un?

Èkíní ni ti ilẹ̀ Suisse. Ní 1884, Karl Elsener ṣí ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ ní Ibach, ní agbègbè Schwyz. Ilẹ̀ òtòṣì ni nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sá lọ sí òkè òkun nítorí àìríṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun Suisse fẹ́ ọ̀bẹ tí a lè fi gé oúnjẹ, tí a lè fi ṣí agolo, tí a sì lè fi tú ìbọn. Ìlú Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rà á. Ó dun Elsener. Ó kó àwọn alágbẹ̀dẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ní 1891 wọ́n kó ọ̀bẹ tiwọn fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ti Solingen rọ̀ jù ní owó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ fi í sílẹ̀, gbèsè bò ó, àwọn ẹbí ni ó gbà á là. Ní 1897, ó ṣe ọ̀bẹ fún àwọn ọ̀gágun, ó rọ̀ lọ́wọ́, irin inú rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ó fi èyí pamọ́ lábẹ́ òfin ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún náà. Èyí ni ó gbé e dìde. Ìyá rẹ̀ Victoria kú ní 1909, ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọjà rẹ̀. Ní 1921, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí kì í dípẹtà, tí Faransé ń pè ní inox. Wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀: Victorinox. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìyá, ẹ ó sì rí irin.

Èkejì ni Okapi. Àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1902 láti tà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn. Tógò wà lára àwọn ilẹ̀ náà, láti 1884 títí di 1914. Okapi jẹ́ ẹranko inú igbó Kóńgò. Òṣùpá àti ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ èèkù rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ rẹ̀ kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Bí owó bá ṣẹ́kù, kí ó wá ọ̀kan láti Jàpáànù, tí ń jẹ́ Higonokami. Ìlú Miki ni wọ́n ti ń rọ ọ́, láti òpin ọ̀rúndún 19. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ fi orúkọ náà pamọ́ fún ẹgbẹ́ wọn nìkan. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dín kù, títí ó fi ku ilé kan ṣoṣo, Nagao Kanekoma, tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lu orúkọ náà sára irin.

Irin tí kì í bá ṣe inox máa ń dípẹtà. Ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi òróró díẹ̀ ra á. Ẹ má ṣe fi yanrìn ha àmì rẹ̀, nítorí àmì tí a bá ti ha kúrò kò ní padà mọ́.

Mo sọ fún Bàbá pé kí ó gé ìwé kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀bẹ rẹ̀, kí ó kọ ibi tí a ti rọ ọ́ sí i, ẹni tí ó rọ ọ́, àti ọdún tí ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, a dúró dè é. Ó kọ ti Opinel, tí ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó kọ ti Douk-Douk, tí ó rà ní Kútọnu. Nígbà tí ó kan ọlọ́yin, a yí ọ̀bẹ náà síwá, a yí i sẹ́yìn. Laguiole nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sí orúkọ kejì. Òun sì ni ó san owó jù lé lórí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí ba, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá: ẸNI TÍ Ó RỌ Ọ́, A KÒ MỌ̀ Ọ́N. Ó fi í sáàárín méjì yòókù, ó di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ, ó sì lọ sílé.